Kì Í Ṣe Gbogbo Rẹ̀ Ni Àkójọpọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ka gbólóhùn yìí: “Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ àkójọpọ̀ oríṣiríṣi nǹkan.” Ẹ tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí mo ń kọ́ ní ìwé ló kọ ọ́. Àmì ohùn rẹ̀ pé. Kò sí lẹ́tà tó fò. Àmọ́ nígbà tí mo kà á tán, n kò rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kankan nínú rẹ̀. Ẹ yọ “Gẹ̀lẹ̀dẹ́” kúrò, ẹ fi “ọjà” sí i: gbólóhùn náà dúró. Ẹ fi “ọbẹ̀” sí i: ó dúró. Ẹ fi “ẹrù ìyàwó” sí i: ó dúró síbẹ̀. Ẹni tí kò rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí kò ní mọ̀ bóyá wọ́n ń jó o ni tàbí wọ́n ń jẹ ẹ́.

Ẹni tó kọ ọ́ kọ́ ni mo fẹ́ bá wí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní “àkójọpọ̀”.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa. Bí ọmọ bá kọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì nínú àròkọ rẹ̀, olùkọ́ á fi bíìkì pupa yí i ká. Á ní kó lọ wá òmíràn tó jọ ọ́. A wá ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wá aṣọ pààrọ̀: èyí ti dọ̀tí, bọ́ ọ, wọ òmíràn. Àṣà yẹn ni mo gbé wá sí kíláàsì àwọn àgbà. Ní ọjọ́ kan, mo mú ẹfun, mo kọ ọ́ sí ojú pátákó báyìí:

àkójọpọ̀ = àpapọ̀ = ìdì = ọ̀wọ́ = àdàlú

Mo ní, “Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ohun tó bá ti ní apá púpọ̀, ẹ lè fi èyí tó wù yín pè é.”

Ìyá kan wà nínú kíláàsì náà tó máa ń ta àdàlú ní òwúrọ̀ kó tó wá kàwé ní ìrọ̀lẹ́. Ó jù mí lọ dáadáa. Ó nawọ́. Ó ní, “Olùkọ́, ẹ má bínú o. Ìdì igi tí mo rù wálé lánàá, mo tú u, mo fi igi mẹ́ta dáná, mo to ìyókù sí ẹ̀yìn ilé. Àdàlú tí mo sè láàárọ̀ yìí, ta ni yóò tú u?”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fọ̀. Mo mú àkísà, mo nu gbogbo àmì “=” náà kúrò lójú pátákó. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ìbéèrè ìyá yìí wọn ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ gbìyànjú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pe ohun kan tó ní apá púpọ̀ lórúkọ, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: bí a bá tú u, kí ni yóò kù?

Ẹ jẹ́ ká mú ìdì. Inú ọ̀rọ̀ “dì” ló ti jáde. Ohun kan wà tí a fi dì í, ìbáà ṣe okùn, ìbáà ṣe ìtàkùn. Ẹ já okùn náà, igi á padà di igi. Kò sí èyí tó sọ nǹkan nù nínú wọn. Òṣùṣù ọwọ̀ jọ ìdì, nítorí pé a so òun náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ tú òṣùṣù ọwọ̀, kí ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ fi gbálẹ̀. Ilẹ̀ kò ní mọ́. Igi kan ṣoṣo lè jó nínú iná; ẹyọ ọwọ̀ kan kò lè ṣe iṣẹ́ ọwọ̀. Nítorí náà, òṣùṣù sọ ohun tí ìdì kò sọ. Ó sọ pé iṣẹ́ náà wà nínú pípọ̀ wọn.

Obì ńkọ́? Ẹ mú obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin. Kò sí okùn lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó lọ kó awẹ́ mẹ́rin jọ. Bó ṣe hù nìyẹn. Kí a tó pa á, odidi kan ni. Ìgbà tí a pa á ni awẹ́ tó di mẹ́rin. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé “obì jẹ́ àkójọpọ̀ awẹ́ mẹ́rin” ti yí ọ̀rọ̀ po. Ó dà bí ẹni pé ìyá kan jókòó ní ọjà, ó ń ṣa awẹ́ obì kiri. Ṣírí ọkà bàbà náà bẹ́ẹ̀. Orí igi kan náà ni gbogbo ọmọ rẹ̀ ti yọ.

Ọ̀wọ́ àti agbo, ohun ẹlẹ́mìí ni a sábà máa ń lò wọ́n fún. Ọ̀wọ́ màlúù ń kọjá lọ lójú ọ̀nà. Agbo ijó dúró sójú kan, ó sì yí ká. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, n kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Àdàlú ni ìyá wa fi dá mi dúró. Ẹ̀wà àti àgbàdo ti wọ ìkòkò kan náà, iná ti jó wọn, ọ̀rọ̀ títú ti tán. Ojú ṣì ń rí ẹ̀wà, ó ń rí àgbàdo, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè dá wọn padà sí bí wọ́n ṣe wà. Iyọ̀ inú rẹ̀ tilẹ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ ti yọ́, ojú kò rí i mọ́. Ẹ wá wo àmúlùmálà. Òun náà ń sọ ohun tó dàpọ̀, ṣùgbọ́n èébú wà nínú rẹ̀. Ẹni tó pe oúnjẹ yín ní àdàlú kò bú yín. Ẹni tó pe ọ̀rọ̀ ẹnu yín ní àmúlùmálà ti bú yín. Mo ti gbọ́ ọ léraléra nípa àwọn ará wa ní Àjàṣẹ́, nítorí pé wọ́n ń fi Ègùn àti Faransé sí Nàgó wọn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà láì bú ẹnikẹ́ni lè kọ “wọ́n ń da èdè mẹ́ta pọ̀”. Ẹ rí i pé ẹni tó yan ọ̀rọ̀ ti ṣe ìdájọ́ kí òǹkàwé tó dé ibẹ̀.

Àkójọpọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ wò: kó, jọ, pọ̀. Ọwọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹnìkan dìde, ó lọ síhìn-ín, ó lọ sọ́hùn-ún, ó kó wọn wá sí ojú kan. Ìwé kékeré tó wà lọ́wọ́ yín yìí, àkójọpọ̀ ni lóòótọ́: ẹni tó kọ apá kan kò mọ ẹni tó kọ apá kejì, ẹlòmíràn ló kó wọn jọ. Níbi tí kò bá sí ọwọ́ tó kó nǹkan jọ, irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń pa. Àpapọ̀ ní tirẹ̀ fẹ́ràn ìṣirò. Ẹ ka èyí, ẹ ka ìyẹn, ẹ rò wọ́n pọ̀, iye kan jáde.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, “Ṣé kí a máa kọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ni?” Bí òun ló bá nǹkan náà mu, ẹ kọ ọ́. Ẹ lọ tẹ́tí sí àgbà tó ń ki oríkì. Á sọ gbólóhùn kan, á tún un sọ, á yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀, ara á sì ta olóríkì náà gìrì. Kò sí ẹni tó fi bíìkì pupa yí ẹnu rẹ̀ ká. Olùkọ́ mi kọ́ mi dáadáa ní èdè Faransé. Àṣìṣe tèmi ni pé mo rò pé òfin ibẹ̀ ni òfin ibí.

Bí a ṣe so nǹkan pọ̀, àwọn baba wa fojú tó o ju tiwa lọ. Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn. Wọ́n á fi okùn sín owó ẹyọ, wọ́n á fi í rán ẹnìkan. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí pé “ẹ̀fà” àti “fà” jọ ara wọn létí. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ, ohùn wa ṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n owó ẹyọ méjì ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Bí wọ́n bá sín wọn kí wọ́n dojú kọra, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìpàdé ni. Bí wọ́n bá sín wọn kí wọ́n kẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ìjà àti ìyapa ni. Owó ẹyọ méjì náà ni. Okùn kan náà ni. Ẹni tó bá gba irú àrokò yìí, tó wá ròyìn fún ọba pé “àkójọpọ̀ owó ẹyọ méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa”, kò tíì jíṣẹ́ rárá. Ọba kò ní mọ̀ bóyá kí òun se oúnjẹ àlejò ni tàbí kí òun ti ẹnubodè.

Bí orúkọ odidi ṣe rí ni orúkọ apá rí. Ẹ̀yà ara ni a ń pe ọwọ́ àti ẹsẹ̀: bí ẹ bá gé e, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn. Abala aṣọ, ẹ lè gé e kúrò lára èyí, kí ẹ rán an mọ́ òmíràn. Ẹ wo aṣọ egúngún. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọdún dé, àwọn ọmọ ilé á tún fi abala tuntun kún un. Aṣọ tí bàbá bàbá ẹnìkan fi lélẹ̀ ń sanra lọ ni. Àkójọpọ̀ kò tó o. Àfikún lórí àfikún ni. Ẹ tún wo aṣọ òfì: wọ́n kọ́kọ́ hun ún ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n rán ẹ̀gbẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Híhun àti rírán, méjèèjì wà lára aṣọ kan. Ìpín wá yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ìpín ní ẹni tó ni ín.

Ìpín yìí ni ọ̀rọ̀ ti ná wa lówó. Àwọn obìnrin kan tí ń ṣe gààrí ń dá 500 sẹ́fà ní ẹnìkọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Wọ́n fi ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe akọ̀wé. Inú mi dùn. Ó wá bi mí ní ohun tí òun yóò kọ sí òkè ìwé náà. “Owó àjọ” ni gbogbo wọn ń pè é lẹ́nu. Mo ní, “Kọ ‘Àkópọ̀ Owó Ẹgbẹ́’. Ó gún régé ju ìyẹn lọ.” Bíìkì pupa olùkọ́ mi àtijọ́ ló ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ará.

Nǹkan bí ọdún méjì kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Kútọnu. Ó ní kí wọ́n fún òun ní owó òun. Àwọn kan gbé ìwé síta, wọ́n nàka sí òkè rẹ̀. Wọ́n ní, “Àkópọ̀ ló wà níbí. Owó tó ti pọ̀ di ọ̀kan, ti ẹgbẹ́ ni. Ẹni tó bá ń lọ, kó máa lọ.” Obìnrin náà kò mọ̀wé. Ó ní, “Èmi ò dá àkópọ̀ kankan. Àjọ ni mo dá.” Ó sì tọ̀nà. Nínú àjọ, owó jókòó pọ̀, ṣùgbọ́n ìpín ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣì ń jẹ́ orúkọ olówó. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sọ bí owó náà ṣe rí. Ọ̀rọ̀ tí èmi fi sínú ìwé, tó gún régé, ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjà mẹ́ta ni wọ́n fi jà. Nígbà tó yá, wọ́n pè mí pé kí n wá sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo fún wọn. Mo jẹ́wọ́ níwájú àwọn àgbà pé ọwọ́ mi ni àṣìṣe ti wá. Ohun tó gba obìnrin náà là ni pé akọ̀wé wọn jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ra. Ó ń fa igi kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ olúkúlùkù ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá san. A ka igi tirẹ̀: ó jẹ́ 94. Owó rẹ̀ jẹ́ 47,000 sẹ́fà. Wọ́n san án fún un lẹ́ẹ̀mejì. Akọ̀wé fa ìlà sórí “Àkópọ̀ Owó Ẹgbẹ́”, ó kọ “Owó Àjọ” sí abẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà lọ sí Kútọnu láì dágbére fún mi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo dá àròkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹn padà fún ẹni tó kọ ọ́. N kò kọ nǹkan pupa kankan sí i. Mo ní kó lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kó sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè nípa apá kọ̀ọ̀kan: báwo ni ó ṣe so mọ́ èkejì?

Ẹ jẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin náà wò ó. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe nǹkan kékeré. Ní 2001 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde rẹ̀ pé ó wà lára ogún tó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú. Ní 2008 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wọn, pẹ̀lú orúkọ ilẹ̀ mẹ́ta: Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Àwọn ìyá wa ni a fi ń yẹ́ sí, ìyá tó bí wa àti ìyá ayé. Ó ní òru, ó ní ọ̀sán. Ẹ̀fẹ̀ ló ni òru: orin, àdúrà, ẹ̀fẹ̀ tó ń ta ẹni tó hùwà burúkú. Ijó àwọn ère ló ni ọ̀sán. Òru àti ọ̀sán kò dàlú, kò sì sí ẹni tó dì wọ́n. Wọ́n tẹ̀ lé ara wọn ni. Bí ẹnìkan bá pe òru àti ọ̀sán yìí ní àdàlú, ó ti da iná sí ohun tí kò wọ ìkòkò.

Ère orí oníjó ńkọ́? Ojú ènìyàn wà nísàlẹ̀. Lókè orí, ẹ lè rí ejò, ẹ lè rí ẹyẹ, ẹ lè rí ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí alùpùpù pàápàá. Ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn á pè é ní àkójọpọ̀. Ẹ sún mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú wọn, láti ara igi kan ṣoṣo ni agbẹ́gilére ti gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Kò kó ejò, kò kó ojú. Inú igi ni gbogbo wọn ti jáde, bí awẹ́ ṣe wà nínú obì. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n gbẹ́ apá kan lọ́tọ̀, tí wọ́n wá kàn án mọ́ ọn, tí wọ́n sì so okùn mọ́ ọn kó lè máa mi. Gbígbẹ́ àti kíkàn kì í ṣe ọ̀kan náà; ọwọ́ agbẹ́gilére mọ ìyàtọ̀ wọn, ó yẹ kí ọwọ́ akọ̀wé náà mọ̀ ọ́n.

Ìlù àti ẹsẹ̀ ló le jù láti pè lórúkọ. Ìyá ìlù sọ̀rọ̀, omele ń gbè é, ẹsẹ̀ oníjó sì ń tẹ ohun tí ìlù sọ mọ́lẹ̀, pẹ̀lú ṣaworo tó ń dún. Bí ẹ bá mú ìlù kúrò, ẹsẹ̀ náà á dúró. Okùn kankan kò so wọ́n, síbẹ̀ wọ́n so pọ̀ ju ìdì lọ. N kò rí ọ̀rọ̀-orúkọ kan tó gbé èyí. “Wọ́n bá ara wọn mu” súnmọ́ ọn. “Wọ́n ń dá ara wọn lóhùn” tún súnmọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá kọ̀ láti wá, ẹ fi gbólóhùn sọ ọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi padà dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ohun tó kọ nìyí, bó ṣe kọ ọ́:

“Ère tí mo rí, igi kan ni wọ́n fi gbẹ́ ojú rẹ̀ àti ejò tó wà lórí rẹ̀. Ẹyẹ tó wà lókè, wọ́n kàn án mọ́ ọn ni. Wọ́n ń fa okùn, ẹyẹ náà ń sá ejò jẹ. Oríṣiríṣi aṣọ ló wà lára oníjó náà. Ọ̀dọ̀ obìnrin mẹ́fà ni wọ́n ti yá wọn, ti ìyá mi wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dá ìlù lóhùn.”

Nígbà tí mo dé orí “oríṣiríṣi”, mo ti gbé bíìkì. Mo tún un kà, mo gbé bíìkì sílẹ̀. Ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọkùnrin a máa yá ìró àti gèlè lọ́wọ́ àwọn obìnrin láti fi múra. Aṣọ mẹ́fà láti ilé mẹ́fà, kò sí èyí tó jọ èkejì, ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò sì gba tirẹ̀ padà. Oríṣiríṣi ni wọ́n ní tòótọ́.

Mo wá bi í pé òru Ẹ̀fẹ̀ dà, kò kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ní oorun ló gbé òun lọ, Olùkọ́, òun ò sì fẹ́ kọ ohun tí òun ò rí.